UPS 40 kVA méjì fún ilé àyẹ̀wò wa ní Àkúrẹ́: báwo ni ká ṣe tò ó?

Ìyá Láàbù, Alágbàká

Ẹ̀yin ọ̀gá oníná, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ là ń ṣe ní Alágbàká. A ti ra UPS 40 kVA méjì (ẹ̀rọ oníbátìrì tí kì í jẹ́ kí iná já), oníféèsì mẹ́ta, fún àwọn ẹ̀rọ àyẹ̀wò, fíríìjì àti sáfà (kọ̀ǹpútà àgbà) wa. Gbogbo lóòdù náà, ìyẹn iná tí wọ́n ń jẹ, kò ju 28 kW lọ. Jẹnẹrétọ̀ 100 kVA ló wà lẹ́yìn wọn. Ẹni tó tà á fún wa ní ká so méjèèjì pọ̀, ká sì gbé wọn sí eco mode (ètò tó ń dín iná tí UPS fúnra rẹ̀ ń jẹ kù) kí owó dísù lè dínkù. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí eco mode yìí, torí iná àdúgbò wa máa ń wálẹ̀ dé 170 fóòtì, tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, gílóòbù á kọ́kọ́ tàn yòò bíi pé ó fẹ́ bẹ́. Bó bá jẹ́ tiyín, kí lẹ máa ṣe?

Oníná Ìjàpọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mi ò ní fọwọ́ kan eco mode ní àdúgbò yín rárá.

Tí UPS bá wà ní double conversion, iná ìta kì í dé ara ẹ̀rọ yín. Rẹtifáyà á kọ́kọ́ sọ AC di DC, ínfátà á wá fi DC yẹn ṣe AC tuntun, 230 fóòtì, 50 Hz. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ kì í fi í mọ̀ pé iná lọ: ínfátà ló ti ń gbé lóòdù bọ̀ látẹ̀yìn, bátìrì kàn gba ipò rẹtifáyà ni. Ní eco mode, iná ìta ń gba inú static bypass, ọ̀nà àbùjá inú UPS, kọjá tààrà, ínfátà kàn ń dúró dè é. Bí iná bá bàjẹ́, á yí padà láàárín mílísẹ́kọ́ńdì díẹ̀. Kọ̀ǹpútà lè má mọ̀. Àmọ́ 10% sókè, 10% sílẹ̀ ni ààlà tí wọ́n sábà máa ń fún un, ìyẹn 207 sí 253. Pẹ̀lú iná tó ń já sí 170, UPS á máa yí lọ yí bọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, èyí tó sì fò sókè á ti kan ẹ̀rọ kí ó tó mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò èrè ibẹ̀. Ká ní double conversion ń ṣe 95%, eco ń ṣe 98.5%: lórí 28 kW, ìyàtọ̀ wọn ò ju bíi 1 kW lọ. Mi ò lè torí ìyẹn fi ẹ̀rọ olówó gọbọi sínú ewu.

Síso wọn pọ̀ dára, ẹ ṣe é. Bí power factor wọn (ìpín kVA tó ń di kW) bá jẹ́ 0.9, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbé 36 kW. Wọ́n á pín 28 yín sí 14, 14. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì á gbé gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá ra ẹ̀rọ kún un tí lóòdù fi kọjá 36, ààbò yẹn ti lọ nìyẹn, àwọn méjèèjì á sì máa ṣiṣẹ́ lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ẹ fi máákà kọ 36 kW gàdàgbà sára ilẹ̀kùn pánẹ́ẹ̀lì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ oníwáyà kì í kà sí: wáyà bypass ti UPS méjèèjì gbọ́dọ̀ gùn dọ́gba, kó sì nípọn dọ́gba. Lórí ínfátà, àwọn UPS fúnra wọn ló ń pín lóòdù. Lórí bypass, wáyà ló ń pín in, èyí tó kúrú ló máa gbé jù. Mo ti rí ibi tí rọ́bà wáyà kan ti ń dúdú bọ̀ látinú ooru, tí èkejì tutù.

Bátìrì Ọ̀ndó

Ọ̀gá ti sọ ọ́ dáadáa. Kí UPS kọ̀ọ̀kan ní bátìrì tirẹ̀ o. Ooru 25°C ni wọ́n fi ń ṣírò ọjọ́ ayé bátìrì lẹ́ẹ̀dì. Bó bá fi nǹkan bíi 10 lé e ṣáá, ìdajì ti lọ. Nínú oṣù kẹta, yàrá tí a ti pa kò lè wà ní 25 láìsí ẹ̀rọ amúlétutù. Orí jẹnẹrétọ̀ ni kí ẹ so ẹ̀rọ amúlétutù yẹn mọ́, kì í ṣe UPS.

Ìyá Láàbù, Alágbàká

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin bọ̀ọ̀dá mi. Bí a bá fi UPS kan sílẹ̀ fún sáfà nìkan ńkọ́? Àti pé nígbà tí a tan jẹnẹrétọ̀ wò, iná bypass lójú UPS di pupa, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó kú.

Oníná Ìjàpọ̀

Sáfà tó ní pọ́ọ̀gì méjì lè jẹ lára UPS méjì tó dá dúró. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò yín, pọ́ọ̀gì kan ló ní. Bí UPS rẹ̀ bá bàjẹ́, iná ìta ló kù fún un. Ẹ so wọ́n pọ̀.

Ti iná pupa, eré ẹ́ńjìnnì ló ń lọ sókè sódò, 50 Hz ò dúró, UPS ò sì lè bá a rìn pọ̀. Lóòdù yín ò ní kú, àmọ́ bí ínfátà bá ní wàhálà nígbà yẹn, kò sí bypass tó máa gbà á. Ẹ pe mẹkáníìkì kó wá tún eré rẹ̀ ṣe kí ẹ tó gbé lóòdù lé e. Kí oníná sì fi kọ́kọ́rọ́ sí bírékà bypass àtúnṣe (ọ̀nà tí iná ìta ń gbà yí UPS ká nígbà tí wọ́n bá ń tún un ṣe): lójú UPS ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ gbé lóòdù lọ sí static bypass, lẹ́yìn náà ni wọ́n ń tan bírékà yẹn. Ẹni tó bá tàn án nígbà tí ínfátà ṣì ń gbé lóòdù máa jó ínfátà náà.