Epo tó wọ́n, epo tó dọ̀tí: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí lórí omi

Ọmọ Etí Ọ̀sà, Èkó

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ máa ń gbé ọ̀pá ìwọ̀ lọ sórí omi ní òpin ọ̀sẹ̀, mo fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ epo lónìí. Kì í ṣe ti mọ́tò o, bẹntiróòlù tí a ń dà sí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi ná, kí ẹ̀yin náà wá sọ tiyín, nítorí ó dá mi lójú pé ojú ọ̀pọ̀ nínú wa ti rí i, a kàn pa á mọ́ra ni.

Ọkọ̀ mi kò tóbi. Fáíbà ni, ẹ́ńjìnì agbára ẹṣin 40 kan ṣoṣo ló wà nídìí rẹ̀, irú èyí tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀. Bí mo bá fún un tán, ó lè mu líítà 15 sí 20 ní wákàtí kan. Abẹ́ afárá Falomo ni a ti máa ń gbéra. A ó gba odò Five Cowrie jáde sí ojú ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ òkun ń gbà lọ sí Àpápá, a ó wá kọjú sí òkun, níbi tí wọ́n to òkúta ńláńlá wọ inú omi lọ́tùn-ún lósì, tí gbogbo wa mọ̀ sí Móòlù. Ibẹ̀ ni ẹja kúta (barracuda) wà. Bí ẹ bá ń fa ìdẹ lẹ́yìn ọkọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ létí òkúta yẹn, kúta á já lù ú bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè.

Nígbà tí ọdún 2023 bẹ̀rẹ̀, ₦185 ni líítà epo kan ní ilé epo ìjọba l'Ékòó. Kẹ́ẹ̀gì líítà 25 méjì kò tó ₦10,000. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn ni wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Kí oṣù náà tó parí, líítà kan ti di ₦488. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá 2024, ó di ₦998. Kẹ́ẹ̀gì méjì kan náà wá di nǹkan bí ₦50,000, a kò tíì ra ọ́ìlì, a kò tíì ra ìdẹ, a kò tíì ra yìnyín. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi tí a kì í pa Sátidé kan jẹ, ó di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù.

Sátidé kan nínú oṣù Kẹwàá yẹn ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Mo dé ilé epo láago márùn-ún ìdájí, ìlà ọkọ̀ ti yí igun òpópónà. Ojú ń mọ́, kúta kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan létí omi ní òun ní epo nílẹ̀, ọjà àtijọ́, ₦900 ni líítà kan. Inú mi dùn. Mo gba kẹ́ẹ̀gì méjì, mo po ọ́ìlì mọ́ ọn, a gbéra.

A ti dé àárín Móòlù, ọ̀rẹ́ mi ti gbé kúta kan tó gùn tó apá mi wọ inú ọkọ̀, ni ẹ́ńjìnì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó kú. Mo tẹ bọ́ọ̀lù rọ́bà orí họ́ọ̀sì títí ó fi le, mo fa okùn. Ó jí, ó tún kú. Mo fa okùn náà títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó.

Omi sì ń fà. Ẹni tó bá mọ ẹnu òkun Èkó mọ ohun tí mo ń sọ. Bí omi bá ń fà, omi ọ̀sà tó wà láti Ìkòròdú títí lọ, ẹnu yẹn ló ń wá gbà jáde, kì í sì í rọra. Òkúta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń sá lọ sẹ́yìn, a sì ń lọ sínú òkun láìsí ẹ́ńjìnì. Mo ju ìdákọ̀ró, ó ń wọ́ nílẹ̀, kò mú. Ọkọ̀ ńlá kan ń bọ̀ láti ojú òkun, ó fọn fèrè. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè yà fún ẹnikẹ́ni, àyè tí yóò yà sí pàápàá kò sí. Ọ̀rẹ́ mi bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ń jù ú lókè. N kò lè gbàgbé bí fèrè yẹn ṣe ń dún nínú àyà mi.

Ìdákọ̀ró mú nígbà tí ó yá. Ọkọ̀ kan tó ń kó èrò bọ̀ láti etíkun Tàkúwà (Tarkwa Bay) rí ṣẹ́ẹ̀tì, ó yà wá sọ́dọ̀ wa. Ọmọkùnrin tó ń wà á kò béèrè owó kó tó ju okùn sí wa. Ọlọ́run á bá mi bù kún un.

Nígbà tí a dé èbúté, mo bu epo láti ìdí kẹ́ẹ̀gì sínú ike omi tó mọ́ gaara, mo gbé e sójú oòrùn. Ó pín sí méjì. Epo àti ọ́ìlì wà lókè, omi wà nísàlẹ̀ ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, ìlà tín-ín-rín kan ló là wọ́n láàárín. Mo mi ike náà, gbogbo rẹ̀ funfun bí omi ìrẹsì. Mo gbé e kalẹ̀, ó tún pínyà. Ìpẹ́ irin tó ti dógùn-ún wà ní ìdí rẹ̀ pátápátá. Mẹkáníìkì tú ẹ́ńjìnì, ó ní omi ti fọ ọ́ìlì kúrò lára písítọ́ọ̀nù, irin ti ń ha irin. ₦98 lórí líítà kan ni mo rò pé mo jèrè, ₦4,900 lórí kẹ́ẹ̀gì méjì. Owó písítọ́ọ̀nù àti ríǹgì ì bá gbé mi lọ sí Móòlù lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Lójú tèmi, ìgbà tí epo bá wọ́n gan-an ni epo burúkú máa ń rí wa mú. Nígbà tó jẹ́ ₦185, ta ló fẹ́ ra epo lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí?

Ìyá Àdùkẹ́, Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú ewu omi o, ẹ̀gbọ́n. Orí yín kò gbàbọ̀dè.

Tiwa ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú kí epo tó wọ́n. Ẹ rántí oṣù Kejì 2022, nígbà tí epo tí wọ́n po mẹ́tánọ́ọ̀lù (irú ọtí olóró kan) mọ́ wọ orílẹ̀-èdè yìí láti òkè òkun, tí ìjọba fúnra wọn ní mẹ́tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ti kọjá ìwọ̀n. Mọ́tò ni gbogbo ayé ń sọ. Kò sẹ́ni tó rántí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi. A ra tiwa ní ilé epo gidi, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹlẹ́kẹ́ẹ̀gì. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, họ́ọ̀sì wú bí ìfun ẹran, rọ́bà inú pọ́ǹpù di ẹlẹ́rọ̀. Ọkọ mi fi èékánná tẹ̀ ẹ́, èékánná wọlé. Bí epo yẹn ṣe bà á jẹ́ kò sẹ́ni tó san kọ́bọ̀ fún wa, ta ni a fẹ́ pè lẹ́jọ́?

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ló dé tí ẹ ò kúkú ra ẹja ní Ọjà Olúwo, tó wà nítòsí, tí owó rẹ̀ kò tó owó epo yín. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n bàbá mi ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń so ìwọ̀, orí ọ̀sà yìí ló sì ti kọ́ mi. N kì í lọ torí ẹja nìkan.

Bàbá Ìbejì, Houston

Ẹ̀gbọ́n, mo ka ibi tí fèrè ọkọ̀ ti dún, ara mi bù máṣọ. Galveston ni èmi ti ń pẹja. Níbí, ó ṣòro kí wọ́n ta omi fún wa ní ilé epo, ṣùgbọ́n epo fúnra rẹ̀ ló ń lọ pe omi wá.

Ìdí rẹ̀ rèé. Ẹ́tánọ́ọ̀lù ló wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ epo tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, ìdá 10 nínú 100, E10 ni wọ́n ń pè é. Àgbàdo ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é. Ọtí ni, ọtí kan náà tó wà nínú ògógóró. Ẹni tó bá ti bu omi la ògógóró rí mọ̀ pé ọtí àti omi kì í jà. Bí ọkọ̀ bá wà lórí ìdúró, tí atẹ́gùn etí òkun ń wọ inú táńkì pẹ̀lú ọ̀rinrin, ọtí inú epo á máa gba omi yẹn mọ́ra díẹ̀díẹ̀. Ẹ ò ní rí i, epo á ṣì mọ́ lójú. Ìgbà tí omi bá pọ̀ ju ohun tí epo lè gbà lọ, ọtí àti omi á jọ kúrò lára epo, wọ́n á jọ rì sí ìdí táńkì, níbi tí ẹnu ọ̀pá tó ń fa epo wà gan-an. Epo tó kù lókè náà kò dà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, nítorí ọtí inú rẹ̀ ti lọ.

Mo gbé ọkọ̀ mi kalẹ̀ láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, epo wà ní ìdajì táńkì. Ìdajì yẹn ni mo fi ṣìṣe. Atẹ́gùn ló kún ìdajì kejì. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé e jáde, ó kú mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́bàá òkúta tí wọ́n tò sí ẹnu òkun Galveston, tó jọ Móòlù yín gẹ́lẹ́. Mo sanwó fún ẹni tó wọ́ mi wálé, mo sanwó fún ẹni tó fa epo náà jáde, mo tún sanwó fún ibi tí wọ́n á kó o lọ, torí pé òfin kò gbà kí n dà á nù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó náà. Ní oṣù Kẹfà 2022, ìpíndọ́gba owó epo ní gbogbo Amẹ́ríkà kọjá dọ́là 5 lórí gálọ́ọ̀nù kan, ti èbúté ọkọ̀ sì máa ń wọ́n ju ti títì lọ. Ẹja pupa tí wọ́n ń pè ní red snapper, ẹni tó bá fẹ́ rí gidi rẹ̀ pa lọ́dọ̀ wa á wọ inú òkun lọ jìnnà dáadáa, ọgbọ̀n máìlì, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ṣírò àlọ àti àbọ̀, mo gbé kálámù sílẹ̀. Inú ọ̀sà ni mo pẹja sí ní gbogbo ìgbà ẹ̀rùn yẹn. Ìgbà náà ni mo rí páńpù kan tí owó rẹ̀ fi sẹ́ǹtì díẹ̀ dín, mo ti gbé họ́ọ̀sì. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, ló ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn: "Dádì, wọ́n ní kí a má dà á sínú ọkọ̀ ojú omi." E15 ni, èyí tí ẹ́tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ lè tó ìdá 15 nínú 100, ìjọba kò fàyè gbà á rárá nínú ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi. Mo dì mọ́ ọmọ yẹn níbẹ̀.

Ní báyìí, epo tí kò ní ẹ́tánọ́ọ̀lù ni mo ń wá rà bó tilẹ̀ wọ́n jù, mo sì so fílítà tó ń ya omi sọ́tọ̀ mọ́ họ́ọ̀sì, irú èyí tó ní ife tó mọ́ gaara nísàlẹ̀. Mo máa ń wo ife yẹn kí n tó wo ojú ọjọ́.

Ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Benin

Mo kí gbogbo yín. Kpayo ni àwa ń lò níbí, epo tó ń gba ẹnubodè wọlé láti ọ̀dọ̀ yín, tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ní èdè Gun túmọ̀ sí ohun tí kì í ṣe ojúlówó. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ lọ́dọ̀ yín, kpayo gbówó lórí lọ́jọ́ díẹ̀ sí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Oṣù Kẹsàn-án 2023 náà ni ibì kan tí wọ́n ń kó kpayo sí jóná ní ẹ̀gbẹ́ Sèmè, ó lé ní ọgbọ̀n èèyàn tó kú. Látìgbà náà ni n kò fẹ́ kí kẹ́ẹ̀gì sùn nínú ilé mi mọ́. Mo padà sí àjẹ̀. N kì í lọ jìnnà, ẹpìyà àti òbòkun tó wà nítòsí ni mo ń pa, apá máa ń ro mí lọ́jọ́ kejì.

Ọmọ Etí Ọ̀sà, Èkó

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìyá Àdùkẹ́, ohun tí ẹ sọ nípa bàbá yín wọ̀ mí lára.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí rèé. N kì í po ọ́ìlì mọ́ epo kí n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ń kán an sí bébà funfun. Bẹntiróòlù gidi á fò lọ láìfi àmì sílẹ̀, èyí tí wọ́n fi kẹrosíìnì là á fi ojú ọ̀rá sílẹ̀. Mo ń bu ti ìdí kẹ́ẹ̀gì sínú ike, mo ń gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo sì ti kọ́ láti jẹ́ kí omi ṣiṣẹ́ fún mi: bí ó bá ń fà, ó ń gbé wa jáde, bí ó bá ń kún, ó ń gbé wa padà, ẹ́ńjìnì kàn ń tọ́ orí ọkọ̀ ni. Kẹ́ẹ̀gì kan ń ṣe iṣẹ́ tí méjì ń ṣe tẹ́lẹ̀. Àwa mẹ́rin la sì ń dá owó rẹ̀.

Bàbá Ìbejì, fílítà tó ní ife yẹn, ṣé ó lè wọ họ́ọ̀sì ẹ́ńjìnì 40? Ẹ bá mi wo ìwọ̀n ẹnu rẹ̀. Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́fà ààbọ̀ ni omi máa bẹ̀rẹ̀ sí í fà.