Èsì àyẹ̀wò egbò etí ẹ̀gbọ́n mi ti dé

Ẹ ṣé tí ẹ dúró tì mí. Mo bèèrè níjọ́sí ìdí tí dókítà fi ń kánjú lórí egbò kékeré kan létí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, jẹjẹrẹ awọ ara irú squamous cell (èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ láti inú àwọn sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ òkè awọ ara). Wọ́n ti gé e kúrò báyìí.

Ibi tó wà ni wọ́n kọ́kọ́ sọ: ti etí àti ètè máa ń tètè ràn dé àwọn kókó inú ọrùn tó ń bá àrùn jà ju ti ọ̀pọ̀ ibòmíì lọ. Èyí tó dùn mí jù ni ti kíndìnrín tí wọ́n pààrọ̀ fún un. Oògùn tó ń lò kí ara má baà kọ kíndìnrín náà ń sọ agbára ìdáàbòbò ara di ahẹrẹpẹ, jẹjẹrẹ yìí a sì ráyè gbilẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa rí pé ká máa yẹ awọ ara rẹ̀ wò!

Ojú mi ni dókítà ṣe fi bírò fa òrùka yí egbò náà ká, tó gbé rúlà lé e: mìlímítà 14. Tó bá ju 20 lọ, tàbí tó jìn ju 6 lọ, ewu rẹ̀ á pọ̀ sí i. Tirẹ̀ jìn ní 3, kò sì tíì tọ iṣan ìmọ̀lára lọ.

Ẹni tó bèèrè bóyá irú jẹjẹrẹ yìí lè yọ lójú àpá iná àtijọ́: bẹ́ẹ̀ ni o, egbò tó bá yọ níbẹ̀ tó kọ̀ tí kò jinná, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kíákíá.

Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọn yóò máa yẹ etí àti ọrùn rẹ̀ wò báyìí.