Kí ni "R2" tó wà lára ìwé ilé Ìdí-Àbà yìí ń wí?

Ìyá Aládìrẹ:
Ẹ̀yin ọmọ Líṣàbi, mo kí yín o. Ìtòkú ni mo ti ń ta àdìrẹ, ẹ̀yìnkùlé ìyá mi ni mo sì ti ń rẹ ẹ́ láró. Ibẹ̀ ti kún: ìkòkò aró mẹ́ta, ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin, àti ewúrẹ́ ará ilé kejì tó ń jẹ aṣọ. Mo wá rí ilé kan rà ní Ìdí-Àbà, ní Abẹ́òkúta níbí, yàrá mẹ́rin, kànga, àyè gbalasa lẹ́yìn. Ẹni tó ń tà á fún mi ní ẹ̀dà sọ́fè (àwòrán ìwọ̀n ilẹ̀ náà) àti ẹ̀dà léáòtù àdúgbò (àwòrán bí wọ́n ṣe pín ilẹ̀ àdúgbò). Àárín pulọ́ọ̀tì náà ni wọ́n kọ R2 sí. Mo bi ajẹ́ǹtì, ó ní "ilé tó dáa ni". Ọmọ mi wo Google, ó ní ilé ìdílé méjì ni. Àbúrò mi ní Èkó ní irọ́ ni. Ṣé mo lè kó ìkòkò mi lọ síbẹ̀? Mo ti san owó díẹ̀ sílẹ̀, ẹ má bú mi.

Ọmọ Kútọ̀:
Ìyá, ẹ kó ìkòkò yín lọ jàre. Ta ló ń yẹ ẹ̀yìnkùlé wò?

Bàbá Ayàlẹ̀:
Ọmọ Kútọ̀, irú ìmọ̀ràn yìí ló ń jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ X sára ògiri onílé.

Ìyá, léáòtù ni mo yà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọmọ yín ò purọ́, Amẹ́ríkà ló lọ kà. Ní ọ̀pọ̀ ìlú wọn, ilé ìdílé méjì ni R2. Àbúrò yín náà, Èkó ló mọ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ni ètò ìlú tirẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ bẹ́ẹ̀ ní 2003, nígbà tí Èkó àti ìjọba àpapọ̀ jọ fà á. Lẹ́tà orí pulọ́ọ̀tì, igun àwòrán yẹn gan-an ló ń ṣàlàyé rẹ̀. Àpótí kékeré kan máa ń wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì máa ń gé dànù! Ẹ wo tiyín.

R, ibùgbé la sábà máa ń fi pè. Nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ lè sọ bí ilé ṣe máa fún pọ̀ tó, ó sì lè jẹ́ nọ́ńbà búlọ́ọ̀kù lásán. Mo ti rí méjèèjì.

Sọ́fè ò lè dá yín lóhùn o. Ààlà, òpó ààlà àti ìwọ̀n ilẹ̀ ni tirẹ̀. Ohun tí a lè fi ilẹ̀ ṣe wà nínú léáòtù tí wọ́n fọwọ́ sí, nínú ìwé àṣẹ ìkọ́lé, àti nínú C of O (ìwé ẹ̀rí ìní ilẹ̀ láti ọwọ́ ìjọba) bí ó bá ní. Ẹ mú nọ́ńbà pulọ́ọ̀tì lọ sọ́dọ̀ àwọn elétò ìlú ní Òkè-Mọ́sàn, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, kí wọ́n fi ojúlówó hàn yín. Ẹ tètè lọ láàárọ̀.

Ti aró: ẹ̀rọ ìránṣọ kan ní pálọ̀, kò sí ẹni tó máa yẹ̀ yín lọ́wọ́ wò. Ìkòkò mẹ́ta, kọ́sítíìkì (kẹ́míkà tí ẹ ń pò mọ́ aró), omi aró tó ń jò sí kànga aládùúgbò, ìyẹn ti yí ìlò ilé padà. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó dáná.

Ìyá Aládìrẹ:
Bàbá, ẹ ṣeun. Wọ́n ti gé igun náà lóòótọ́. Mo lọ lánàá. R, ibùgbé, 2, búlọ́ọ̀kù kejì lásán-làsàn! Ọ̀gá ibẹ̀ bi mí pé níbo ni omi aró máa gbà. Mo dákẹ́. Mo máa ra ilé náà, mo máa sùn síbẹ̀, ìkòkò dúró sílé ìyá mi ná.

Ọmọ Kútọ̀:
Ewúrẹ́ ńkọ́?

Ìyá Aládìrẹ:
Ó ṣì ń jẹ aṣọ.