Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: àgéńtì ní kí n sanwó ilé kí ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ó tún ní kí n wá bá òun ṣiṣẹ́

Oníbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Nọ́ọ̀sì ni mí. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ kí n lè ra ilé tí màá fi máa gba owó ilé. Àgéńtì kan ti wá mú ọ̀kan wá báyìí: fúláàtì mẹ́rin, ayálégbé wà nínú mẹ́ta. Ó ní owó tó ń wọlé lórí rẹ̀ lọ́dún jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá iye tí wọ́n ń tà á. Owó ọwọ́ mi tó ìdá kan nínú márùn-ún, báńkì yóò sì yá mi ní ìyókù. Ṣùgbọ́n ó ní bí n kò bá san àsansílẹ̀ kí ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ẹlòmíràn ti ń dúró.

Àgéńtì yìí kan náà tún ní mo mọ ọ̀rọ̀ sọ, kí n fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ kí n wá di àgéńtì lọ́dọ̀ òun. Ọkàn mi ò balẹ̀, oorun ò kùn mí mọ́ lóru. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Onílé Mẹ́ta

Àbúrò mi, má san nǹkan kan kí ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. Mú bírò, ká jọ ṣírò ẹ̀ ná.

Ká ní 1,000 ni wọ́n ń ta ilé náà. Ìdá kan nínú mẹ́wàá jẹ́ 100. Ṣùgbọ́n fúláàtì kan ṣófo! Tí owó wọn bá dọ́gba, 75 ló ń wọlé lónìí. Bi àgéńtì rẹ léèrè, ṣé 100 tí yóò wọlé lọ́jọ́ kan ló ń wí ni, àbí owó tó wọlé lọ́dún tó kọjá?

Ká tiẹ̀ gbà pé 100 ni. Àwa tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ máa ń ya ìdajì owó ilé sọ́tọ̀ fún ìnáwó: owó orí ilé, adójútòfò, àtúnṣe, owó ẹni tó ń bójú tó ilé, àti oṣù tí fúláàtì bá ṣófo. Oṣù kan péré tó bá ṣófo nínú ọdún, ó ti lé ní 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó fúláàtì yẹn tó lọ. Ìdajì yẹn kì í ṣe òfin o. Ọdún mìíràn kò ní tó bẹ́ẹ̀, ìyẹn lo máa tọ́jú de ọdún tí òrùlé bá fẹ́ yí padà. Èmi ò tọ́jú nígbà tèmi. Owó ilé ìwé ọmọ ni mo fi kan páànù.

Ó ku 50. Gbèsè báńkì rẹ yóò jẹ́ 800. Tí èlé bá jẹ́ 7 nínú ọgọ́rùn-ún, èlé nìkan jẹ́ 56 lọ́dún kìíní, a ò tíì ka ojú owó tí o yá gan-an. Ṣé o rí i pé owó oṣù rẹ lo máa fi máa bọ́ ilé náà? Ilé tó yẹ kó máa bọ́ ọ!

Bíríkìlà Àgbà

Ìyá wa ti sọ ti owó. Èmi ń sọ ti ilé fúnra rẹ̀.

Lọ lẹ́ẹ̀mẹta: lọ́sàn-án, lálẹ́, àti lẹ́yìn òjò ńlá. Má jẹ́ kí àgéńtì máa tì ọ́ káàkiri. Mú tọ́ọ̀ṣì dání, gun àga, wo àjà dáadáa. Tó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ni wọ́n kùn lọ́dà tuntun nínú gbogbo yàrá, wọ́n ń bo nǹkan kan níbẹ̀ ni. Fi ìka lu férémù ilẹ̀kùn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, igi tí ikán ti jẹ inú rẹ̀ máa ń dún bí páálí. Ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí o wò ó bóyá omi ṣì ń jáde dáadáa nínú èyí tó jìnnà jù. Wo ẹsẹ̀ ògiri níta. Tí o bá rí ilà amọ̀ tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gun òkè, ọ̀nà ikán nìyẹn.

Kí o tó san owó gidi, sanwó fún ẹni tó mọ iṣẹ́ ilé kó yẹ̀ ẹ́ wò fún ọ. Ìwọ ni kí o wá ẹni náà fúnra rẹ. Má gba ẹni tí àgéńtì bá mú wá.

Lọ́yà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ ìwé ni tèmi.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ètò tí wọ́n ń lò níbi tí ilé náà wà. Ètò kan wà tí Robert Torrens gbé kalẹ̀ ní South Australia lọ́dún 1858: orúkọ ẹni tó bá wà nínú ìwé ìjọba ni onílé, ìjọba ló sì dúró fún un. Ọ̀pọ̀ ibi láyé ló ti gba ètò yẹn. Níbòmíràn, ìwé títà àti rírà ni wọ́n kàn ń tọ́jú pamọ́, ẹ̀yin lẹ máa tọpasẹ̀ rẹ̀ láti ọwọ́ ẹni kan dé ọwọ́ ẹnì kejì, tí ìkan nínú wọn ò sì gbọdọ̀ já. Èyí ó wù kó jẹ́, lọ́yà yín gan-an ni kó lọ yẹ ìwé náà wò ní ọ́fíìsì tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Fọ́tò orí fóònù kì í ṣe ìwé. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ti fi ilé náà dúró fún gbèsè, bóyá ẹjọ́ wà lórí rẹ̀, bóyá ààlà tó wà nínú àwòrán ilẹ̀ bá ti orí ilẹ̀ mu.

Tó bá jẹ́ aṣojú ló ń tà á, ẹ rí i dájú pé ẹni tó rán an níṣẹ́ ṣì wà láàyè. Ní ọ̀pọ̀ ibi, tí ẹni náà bá ti kú, àṣẹ aṣojú ti parí nìyẹn.

Èyí tó ń dùn mí jù: lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ sanwó, tí ìmeèlì bá wọlé pé nọ́ńbà àkáǹtì ti yí padà, ẹ má san. Ẹ pe lọ́yà yín lórí nọ́ńbà tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀, kì í ṣe èyí tó wà nínú ìmeèlì yẹn. Mo ti rí tọkọtaya tí owó ogún ọdún wọn bá irú rẹ̀ lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ìyàwó jókòó sí ọ́fíìsì mi, kò lè sọ̀rọ̀.

Àgéńtì Ọdún Mọ́kànlá

Mo bọ̀wọ̀ fún Ìyá wa, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìkánjú ni irọ́. Ìgbà mìíràn, ẹlòmíràn ń dúró lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àgéńtì tó bá ń ṣe òótọ́ yóò fún ẹ láyè kí o yẹ ilé wò. Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé: ta ló ń sanwó fún un? Tó bá jẹ́ ẹni tó ń tà nìkan, ti ẹni yẹn ló ń ṣe. Tó bá ń gba ti ìwọ náà, ó yẹ kí ẹ̀yin méjèèjì mọ̀.

Ní ti iṣẹ́ àgéńtì, má fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ báyìí. Kò sí owó oṣù nídìí iṣẹ́ wa. Kọ́míṣọ̀n kì í wọlé àfi tí ọjà bá parí, ọjà sì lè bàjẹ́ lọ́jọ́ ìfọwọ́sí. Lọ́dún kìíní mi, oṣù márùn-ún gbáko ni mo fi mú ènìyàn rìn láìgba nǹkan kan. Tọ́jú owó oúnjẹ oṣù mẹ́fà ó kéré tán, gba ìwé àṣẹ tí òfin ibẹ̀ bá béèrè, kí o wá fi ọjọ́ ìsinmi rẹ bẹ̀rẹ̀. Yan àdúgbò kan, kí o mọ̀ ọ́n délẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ: iye tí wọ́n ta ilé kọ̀ọ̀kan gan-an, kì í ṣe iye tí wọ́n pè é.

Owó oníbàárà kò gbọdọ̀ wọ àkáǹtì ara rẹ rárá, kódà fún alẹ́ ọjọ́ kan. Àkáǹtì ọ̀tọ̀ ni.

Oníbéèrè

Ẹ ṣé gan-an. Ẹ̀yin ará, ṣé kí n má yáwó rárá ni?

Ẹ̀gbọ́n Tó Ti Jẹ Gbèsè Rí

Yíyá kò burú, àyájù ló burú. O fi 20 tìrẹ ra ilé 100, báńkì gbé 80. Tí iye ilé bá lọ sókè sí 110, owó rẹ ti di 30. Bó bá já sí 90 ńkọ́? Ìdajì owó rẹ ti lọ, 80 báńkì kò sì yẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, kí ọdún 2008 tó pé ni iye ilé ti ń já bọ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn wá ń jẹ báńkì ní owó tó ju iye ilé wọn lọ. Béèrè bóyá èlé rẹ dúró sójú kan. Tèmi kò dúró. Ó gòkè lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan, mo sì ta ilé yẹn tẹkúntẹkún.

Oníbéèrè

Ẹ̀yin àgbà mi, mo ti débẹ̀. Mi ò sanwó lọ́jọ́ Ẹtì. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, mo bá gbéra lọ́jọ́ Àìkú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Nínú fúláàtì tó ṣófo, ọ̀dà funfun tuntun wà ní igun àjà kan, ó fẹ̀ tó àtẹ. Mo fọwọ́ kàn án, ọ̀dà náà ṣí mọ́ mi níka, abẹ́ rẹ̀ tutù rinrin.

Mo tún kí àwọn ayálégbé. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ẹbí ẹni tó ń ta ilé, kì í sanwó. Fúláàtì méjì péré ló ń mówó wọlé!

Àgéńtì pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ilé ṣì wà nílẹ̀. Mo ní kó kó àkọsílẹ̀ owó ilé ọdún méjì láti báńkì wá, pẹ̀lú ìwé àdéhùn àwọn ayálégbé, kí lọ́yà tí mo wá fúnra mi sì lọ yẹ ìwé ilé wò. Ó ní òun yóò pè mí padà. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo wà báyìí, n kò fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ìyá Onílé Mẹ́ta

O káre, ọmọ mi. Tó bá kó ìwé wá, yọ orúkọ àwọn èèyàn kúrò, kí o gbé e síbí ká jọ tún un ṣírò. Tí kò bá kó o wá, máa wá òmíràn. Kí o má sì gbàgbé láti sùn.