Ǹjẹ́ acupuncture lè wo ìtọ̀ọ́lé ọmọdé?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin oníṣègùn. Ṣàgámù ni à ń gbé. Ọmọkùnrin mi ti pé ọmọ ọdún 8, síbẹ̀ kò tíì jáwọ́ nínú ìtọ̀ọ́lé. Dókítà ti yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò bóyá àtọ̀gbẹ ni, ó bi wá bóyá kì í rí ìgbẹ́ yà dáadáa, ó sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, nítorí pé ìtọ̀ọ́lé wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Kò rí àrùn kankan. Ó dárúkọ aago tó máa ń dún bí ìtọ̀ bá ti kan pátá ọmọ, àti oògùn desmopressin tó ń dín ìtọ̀ òru kù.

Àbúrò mi ló wá mẹ́nu ba acupuncture, ìyẹn ìtọ́jú àwọn ará Ṣáínà, tí wọ́n máa ń gún abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tí kò ní oògùn nínú sí abẹ́ ìdodo àti òkè kókósẹ̀ níhà inú. Mo kà á pé ó ran àwọn ọmọ kan lọ́wọ́, ṣùgbọ́n pé ẹ̀rí tó wà lórí rẹ̀ kò tíì lágbára, àti pé àwọn mìíràn ń lo iná laser dípò abẹ́rẹ́. Ti laser yìí ló wù mí jù, nítorí pé abẹ́ tábìlì ni ọmọ mi máa ń sá wọ̀ bó bá ti rí nọ́ọ̀sì. (Ìyá ọkọ mi ní kí a so ọ̀pọ̀lọ́ mọ́ ọn nídìí, n kò gbà.)

Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni mọ oníṣẹ́ acupuncture tó kọ́ṣẹ́ yanjú ní Rẹ́mọ tàbí Ìjẹ̀bú-Òde, tó ń lo abẹ́rẹ́ tuntun fún ẹnì kọ̀ọ̀kan? Bí ọmọ yín bá ti gba ìtọ́jú yìí rí, ǹjẹ́ ìtọ̀ọ́lé náà tún padà lẹ́yìn tí ẹ dáwọ́ dúró? Ṣé kí a kọ́kọ́ gbìyànjú aago ná?