Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: báísíkù àti ẹsẹ̀ rírìn ní Sùúrùlérè

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin tèmi. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023 ni owó dáńfó ti di nǹkan míì, ọ̀kadà náà, ìjọba ti lé e kúrò ní Sùúrùlérè níbí láti 2022, bẹ́ẹ̀ Òjúẹlẹ́gbà sí Yábàá ò jìnnà rárá, kí dáńfó tó kún kó tún bọ́ sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, oníbáísíkù ti débẹ̀ ó ti fọwọ́ fọsẹ̀.

Mo fẹ́ káwa ará àdúgbò máa gun báísíkù tàbí ká fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà, àmọ́ ibi tó yẹ kẹ́lẹ́sẹ̀ gbà, mọ́tò ló wà níbẹ̀, sílàábù gọ́tà ti já, pákó ni wọ́n fi dí i. Àwọn ìyá kan tiẹ̀ ní ojú ń ti àwọn, pé wọ́n á ní ọkọ àwọn ti ta mọ́tò (ẹ má rẹ́rìn-ín o).

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ ní Bàrígà àbí Ìsàlẹ̀ Èkó, báwo lẹ ṣe bá àwọn lańlọ́ọ̀dù sọ ọ́ tí wọ́n fi gbà? Ṣé kí n ní kí wọ́n ti géètì àdúgbò láàárọ̀ Sátidé káwọn ọmọ fi kọ́ báísíkù gígùn ni? Àtipé níbo lẹ ń so tiyín mọ́ lọ́jà tí wọn ò fi ní jí i?