Ẹ jọ̀ọ́, ta ló lè ṣàlàyé ọ̀rọ̀ "option" nínú baseball fún mi?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Maryland ni mò ń gbé, Orioles ti Baltimore sì ni tíìmù mi, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, mo mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ yín. Ojú mi ti rí nǹkan. Wọ́n lù wá ní 115 géèmù lọ́dún 2018, wọ́n tún lù wá ní 110 lọ́dún 2021, mi ò sá lọ, ìgbà tó sì di 2023 tá a wá borí nínú géèmù 101, tá a dé ìdíje àṣekágbá, Texas Rangers ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n fi géèmù mẹ́ta lé wa lọ sílé. Àtọdún 1983 la ti gba World Series, ife ẹ̀yẹ tó ga jù nínú baseball Amẹ́ríkà, kẹ́yìn!

Àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni mo wá gbójú lé báyìí, tíìmù kékeré tiwa ní Norfolk sì ni wọ́n máa ń wà kí wọ́n tó dé Baltimore. Ẹ wo Jackson Holliday, òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú draft 2022, ìyẹn níbi tí àwọn tíìmù ti ń ṣa àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù tuntun, wọ́n gbé e wá ní April 2024, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló rí bọ́ọ̀lù gbá dáadáa nínú ìgbà 34 tó gbìyànjú, ni wọ́n bá dá a padà, ìparí July ló tó tún wá. Wọ́n ní option ni wọ́n lò.

Ṣé iye ìgbà tí wọ́n bá dá èèyàn padà ni wọ́n ń kà ni àbí ọdún? Tó bá tán ńkọ́, ṣé tíìmù mìíràn lè wá gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́? Ọmọ mi ọkùnrin ló bi mí, mo ní kó lọ sùn.